Ọkọ Ìyá Ètò Níwájú Àwọn Olùkọ́

Ẹni tó bá rí obìnrin kan tó ń ka àga nínú gbọ̀ngàn tí ènìyàn kò tíì wọ̀, tó kà á dé òpin tó tún padà bẹ̀rẹ̀, kó mọ̀ pé Ìyá Ètò ni òun rí. Àwọn olùkọ́ èdè ló fún un lórúkọ yẹn, òun náà sì gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí irọ́ kò sí níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún fún àwọn olùkọ́ èdè àgbègbè rẹ̀: ọjọ́ méjì gbáko, ogójì olùkọ́, ogójì àga, àti àga méjì lé fún àlejò tí kò sọ pé òun ń bọ̀. Kò sí ohun tí obìnrin yìí kò lè ṣètò. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ bímọ, ìwé ètò ló gbé dání lọ kí i: ẹni tí yóò gbé ọmọ ní aago mẹ́wàá, ẹni tí yóò gbà á ní aago méjìlá, ẹni tí yóò fọ aṣọ. Ọmọ náà kò ka ìwé ètò, ó sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Bí ẹ kò bá tíì kó olùkọ́ jọ rí, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn tó máa ń lé ọmọ láti ẹ̀yìn kíláàsì wá síwájú, àwọn gan-an ló ń sáré gba àga ẹ̀yìn. Àwọn tó ń fìyà jẹ ọmọ tó bá pẹ́ dé, aago mẹ́wàá ni àwọn ń yọjú. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé láàárọ̀, wọ́n á jẹun ọ̀sán, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á lanu gbé ìdajì wọn mì. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan tó máa ń múra dáadáa, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá ti ń jáde lọ ló máa ń ní "Mò ń bọ̀," kò sì sí ẹni tó rí i kó bọ̀ rí. Mò-ń-Bọ̀ ni gbogbo wọn wá ń pè é.

Èyí tó tún burú jù ni pé bí olùkọ́ kan bá fẹ́ fi ọ̀nà tuntun kan han àwọn yòókù, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe bí ọmọ kíláàsì fún un. Ẹ wo ọmọ kíláàsì tó ti lé lógójì ọdún! Ẹlòmíràn á fi ìka sẹ́nu, ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Àmọ́ bí ìbéèrè bá ti dé, gbogbo ọwọ́ ló ń lọ sókè, ìdáhùn gbogbo wọn ló sì ń tọ̀nà. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á máa ju ẹnu lásán sínú ohùn àwọn tó mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ á parí, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì sí ẹni tó kọ́ ohunkóhun.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Aláyẹ̀wò, ránṣẹ́ pe Ìyá Ètò. Ó ní àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ èdè sínú ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi èdè ọ̀hún tọrọ omi mu. Ìyá Ètò lọ sílé, ó jókòó, ó kọ òfin. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ́ni fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnu nìkan ni o. Kò sí pátákó, kò sí ṣọ́ọ̀kì, kò sí bébà. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́, kó sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é kò ní gba kíláàsì ní sáà tó ń bọ̀. Yàrá ìkówèésí ni wọ́n á gbé e lọ, kó lọ máa nu eruku orí ìwé. Aláyẹ̀wò fọwọ́ sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì pín in kárí.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọkọ Ìyá Ètò fúnra rẹ̀ wà lára àwọn ogójì olùkọ́ náà. Tíṣà Àgbà ni wọ́n ń pè é nílé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin náà sì fẹ́ràn kíláàsì débi pé tó bá di àkókò ìsinmi, bàtà ẹnu ọ̀nà ló máa ń tò, èyí tó kéré síwájú, èyí tó tóbi sẹ́yìn, á wá dúró wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n bá gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwọ̀nba ọdún méjì tó kù yìí, ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ìbànújẹ́ rẹ̀ kò ní kéré. Nítorí náà, kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ọkọ òun lè kọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òfin náà jáde, Tíṣà Àgbà jókòó sídìí tábìlì, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ilé ìdáná. Ìyá Ètò ń ti ibẹ̀ bọ̀.

"Bàbá wọn, kí lẹ máa fi kọ́ wọn níbi ètò wa?"

Kò gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ yí tábìlì ká, ó kàn án kó-kó-kó.

"Kí ló dé?" ni ọkọ wí.

"Mo ní kí lẹ máa fi kọ́ wọn?"

"Sọ ọ́ ní odindi gbólóhùn."

Àìsàn tó ń ṣe é nìyẹn, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tó ti mú un. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni á sọ nínú ilé náà tí kò ní ní kí wọ́n tún un sọ ní odindi gbólóhùn, kí wọ́n kọjú sí òun, kí wọ́n la ẹnu dáadáa. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, kò lè sọ pé "iyọ̀ dà" mọ́, ó di dandan kó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú iyọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún yín." Bí fóònù bá dún, bàbá á na fóònù sí ọmọ, á ní òun ń ṣiṣẹ́. Àrùn tíṣà ni Ìyá Ètò ka gbogbo rẹ̀ sí. Òun náà ti ṣe tíṣà rí, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pẹ́, bó pẹ́ bó yá, á yíjú sí ará ilé rẹ̀.

Ló bá sọ ọ́ ní odindi gbólóhùn. "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ̀kọ́ wo ni ẹ máa fi ẹnu kọ́ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ yín ní ọjọ́ kejì ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa?"

"Mi ò ní í kọ́ wọn ní nǹkan kan."

"Ẹ ò ní í kí ni?"

"Kí èmi lọ dúró níwájú Mò-ń-Bọ̀ kí n máa ṣèdánwò? Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

"Wọ́n á gbé yín lọ sí yàrá ìkówèésí o."

"Kí wọ́n gbé mi lọ. Ìwé kì í sọ̀rọ̀."

Ó padà sídìí máàkì rẹ̀. Ìyá Ètò kọjá sẹ́yìn rẹ̀, ó ń bínú. "Ìgbéraga ni," ó wí fún ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. "Ìgbéraga yìí ló máa bà yín jẹ́." Ẹ̀yìn náà kò fèsì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi fà á. Ìyá Ètò lẹ ìwé ètò mọ́ ara ògiri ilé, ó kọ ọkọ rẹ̀ sí ẹni kejìdínlọ́gbọ̀n. Ọkọ fi bíírò pupa fa igi lé e, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ sí ohun tí kò bá tọ̀nà. Ìyàwó tún tẹ òmíràn, ó tún lẹ̀ ẹ́. Bíírò pupa náà tún dé. Ó bẹ̀bẹ̀, ó yarí, ó kọ̀ láti sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ kan, ọkọ kò tilẹ̀ jọ ẹni tó fura pé wọn kò bá òun sọ̀rọ̀. Ọkàn kan ní kó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá yọ ọkọ tirẹ̀, ojú wo ni yóò fi wo àwọn mọ́kàndínlógójì tó kù? Ìbànújẹ́ dé bá a, nítorí ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin olórí kunkun náà.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ rẹ̀ ló bá a yanjú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń yanjú nǹkan kan. Ó pe Tíṣà Àgbà sí ọ́fíìsì, ó ní kó fọkàn balẹ̀, bó bá wu bàbá láti lọ sinmi ní yàrá ìkówèésí, ẹni tó máa gba kíláàsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wọn níbẹ̀.

"Ta ni?" ni Tíṣà Àgbà bi í.

"Mò-ń-Bọ̀ ni."

Ohun tí ìyàwó kò rí ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì, orúkọ yẹn ṣe é ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ọjọ́ kejì ètò pé, Tíṣà Àgbà ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ìyàwó rẹ̀ tó rí gèlè wé tán.

Gbọ̀ngàn náà gùn, ó ní fèrèsé onígíláàsì lápá kan ṣoṣo, fáànù mẹ́ta ló sì wà lókè tí ẹyọ kan ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ẹni tó mọ gbọ̀ngàn ọ̀hún ló ń jà fún abẹ́ ẹyọ yẹn. Títí di aago méjìlá ọjọ́ kejì, olùkọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti kọ́ni, gbogbo wọn ló dáa, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Aláyẹ̀wò jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó ń yán. Ìyá Ètò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun ti aago lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pe ẹni kejìdínlọ́gbọ̀n, ó gbàgbé láti wo aago náà.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí Tíṣà Àgbà ṣe ni pé ó ba ètò àga jẹ́. Àga tí Ìyá Ètò fi odindi àárọ̀ tò ní ìlà mẹ́jọ, márùn-ún márùn-ún! Ó ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n gbé àga wọn, kí wọ́n fi ṣe òṣùpá ìdajì yí òun ká, kí ẹnikẹ́ni má fara pa mọ́ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ìyá Ètò gbé ọwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ni bàbá sọ gbólóhùn márùn-ún fún wọn, ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù tó ń bi aládùúgbò rẹ̀ bóyá ó rí i.

"Ó yá, ẹ sọ ọ́," ó wí. "Àmọ́ ẹ pa ohùn yín mọ́. Ẹnu lásán ni mo fẹ́."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹnu láìsí ohùn, àgbàlagbà mọ́kàndínlógójì tó ń lanu, tó ń pa á dé. Bàbá ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú wọn, ó ń tẹjú mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ, o ti fo gbólóhùn kẹta. Ìwọ, o sáré jù, kọ́kọ́rọ́ náà kò tíì sọnù tí o ti rí i. Màmá, ẹ̀yin ni kí n yìn, ẹ tún un ṣe." Ó wá dúró síwájú Mò-ń-Bọ̀. "Ìwọ, afẹ́fẹ́ lo ń jẹ. O kò sọ ohunkóhun láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Ọdún márùn-ún ni Mò-ń-Bọ̀ ti fi ń jẹ afẹ́fẹ́ níbi ètò yìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Láti ìgbà náà ni kálukú ti jókòó dáadáa. Ibi ìsápamọ́ ti tán. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe kan kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó wá ní kí wọ́n fi ohùn sí i, gbólóhùn márààrún jáde ní kedere, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n tinútinú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ojú ayé. Orí Ìyá Ètò wú. Ó gbàgbé àga.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ gbé àga kan kúrò lójú ọ̀nà, ó wá kọ ẹ̀yìn sí wọn. Aláyẹ̀wò dìde lẹ́yìn.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ta ló kọ́ yín ní ọ̀nà yìí?"

Bàbá kò dáhùn. Aláyẹ̀wò gbé ohùn sókè, ó tún un bi. Bàbá ń gbé àga rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé orí bàbá ti wú ju fìlà lọ, kò ka Aláyẹ̀wò sí. Mò-ń-Bọ̀, tí inú ṣì ń bí, wá rí àyè.

"Ẹ sọ ọ́ ní odindi gbólóhùn, sà! Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ní ká ṣe nílé-ẹ̀kọ́!"

Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú padà, ó rí eyín tó ń ṣí káàkiri, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ń rín nítorí pé àwọn yòókù ń rín. Ìyá Ètò rí ẹ̀rín yẹn. Odindi gbólóhùn. Kọjú sí mi, la ẹnu dáadáa. Fóònù tó ń nà sí ọmọ. Ìwé kì í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó kọ̀ láti sọ̀rọ̀ tí ọkọ kò fura. Kì í ṣe àrùn tíṣà, kì í ṣe ìgbéraga. Ọkùnrin tó ń bá gbé nínú ilé kò gbọ́ràn mọ́, òun tó sì mọ iye àga tó wà nínú gbọ̀ngàn gbogbo ní ìlú kò mọ̀.

Ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí Aláyẹ̀wò bá mọ̀. Òfin ni pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ àṣìṣe, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó lè parọ́ pé ariwo fáànù ló fà á. Irọ́ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe wo ọkọ rẹ̀ tó dúró níwájú níbẹ̀, tó ń wá ojú tó máa sọ fún un ohun tí wọ́n bi í, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e. Ó rìn la àárín wọn kọjá, ó dúró síwájú ọkọ rẹ̀ gan-an, ó sì fi ẹnu lásán bi í, láìsí ohùn: Ta ló kọ́ yín ní ọ̀nà yìí?

Bàbá wo ẹnu rẹ̀. Ó wá wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ó ti mọ̀. Ó yíjú sí gbogbo gbọ̀ngàn, ó sì sọ̀rọ̀ sókè.

"Etí mi ló kọ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń lọ. Ohùn àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ lọ, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu wọn. Ohun tí mo ṣe nìyẹn."

Mò-ń-Bọ̀ tẹ orí ba. Aláyẹ̀wò rìn bọ̀ níwájú tòun ti ìwé òfin, ó fi ìka kan ibì kan níbẹ̀.

"Ìyá Ètò, ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́. Kí la fẹ́ ṣe sí i?"

Láti ọdún mọ́kànlá, Ìyá Ètò kò yí ohunkóhun tí wọ́n bá ti tẹ̀ padà rí. Ó na ọwọ́ sí àpò àyà ọkọ rẹ̀, ó yọ bíírò pupa, ó fa igi lé gbólóhùn ara rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ bọ́ mọ́ olùkọ́ lọ́wọ́. "Ẹ̀yin olùkọ́," ó wí, "àṣìṣe ta ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lónìí?" Kò sí ẹni tó nàka. Aláyẹ̀wò fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtúnṣe náà. Ó ní kí bàbá rí oníṣègùn etí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kó sì to àga àwọn ọmọ bó ṣe tò wọ́n lónìí, kíláàsì rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, àwọn méjèèjì ló kù nínú gbọ̀ngàn. Ìyá Ètò lọ dúró síwájú ọkọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún ọ lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, wàá ti tẹ ìwé ètò rẹ̀."

Ó fẹ́ jiyàn, àmọ́ ìwé kan wà nínú báàgì rẹ̀ tó ti kọ nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun ọ̀sán: oníṣègùn etí, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, ẹni tí yóò tẹ̀lé wọn, ẹni tí yóò tọ́jú ilé. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọdún mẹ́ta," ó wí. "Ẹ̀yìn yín ni mo ń bá jà láti ọdún mẹ́ta."

"Ohun kan wà tí n kò sọ níwájú wọn," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ohùn àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ lọ. Tìrẹ ló tẹ̀lé e."

Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àmọ́ ẹnu rẹ, mo lè kà á láti òdìkejì títì. Kì í sinmi."

Ìyá Ètò nu ojú rẹ̀. Ó wọ́ àga kan wá sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti lè bọ́ sí òun lójú dáadáa, ó wọ́ òmíràn síwájú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Ó dáa, ẹ jókòó," ó wí. "Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta ló wà nílẹ̀."

Bàbá jókòó, ó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, Ìyá Ètò sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ọdún àkọ́kọ́.